Ẹ Má Jẹ́ Kí Ohùn Àwọn Àgbà Ṣá Lórí Àwo



Níbo ni àwo fídíò ìgbéyàwó yín wà? Ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, ní agbègbè Kétu wa yìí, bí a bá gbéyàwó tàbí tí a sìnkú àgbà, ayafídíò a máa fún wa ní VCD tàbí DVD. A ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, a ó fi sínú àpótí. Lóòótọ́, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé ní 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ogún aráyé ní 2008. Ṣùgbọ́n Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ìyá tiyín ti gbé orin, inú àpótí yín nìkan ló wà.

Àwo náà kì í ṣe òkúta. Inú aró tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ayafídíò kọ àwòrán sí. Bí aṣọ aláró ṣe ń ṣá nínú oòrùn, bẹ́ẹ̀ ni èyí náà ń ṣá. Nílé tèmi, àwo ìsìnkú ìyá mi dákẹ́ gan-an níbi tí àbúrò rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ilé wa. Àbúrò náà ti kú. Kò sí ẹlòmíràn tí ó mọ oríkì náà tán.

Bí a ṣe gba díẹ̀ là nìyí. Ẹ pe ọmọ yín tí ó wà ní lísè. Kọ̀ǹpútà tí ó ń lo Linux ni kí ó lò, kí ó sì fi ọwọ́ tẹ àṣẹ. Ọ̀fẹ́ ni àwọn irinṣẹ́ náà:

sudo apt install gddrescue ffmpeg

Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu àwo láti àárín lọ sí etí. Ẹ má nù ún yípo. Lẹ́yìn náà:

ddrescue -n -b 2048 /dev/sr0 isinku.iso isinku.map
ddrescue -d -r3 -b 2048 /dev/sr0 isinku.iso isinku.map

Àṣẹ kìíní ń kó ibi tí ó dára, ó ń fo ibi tí ó bàjẹ́. Èkejì ń padà lọ bá ibi tí ó ṣòro. Fáìlì .map ni ìwé ìrántí rẹ̀: bí iná bá lọ, ẹ tún àṣẹ kan náà tẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó dé. Àṣẹ èkejì yìí ló dá ìdajì oríkì wa padà. Ìdajì yòókù ti lọ.

DVD máa ń gé fídíò sí fáìlì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í ju 1 GB lọ. Ẹ ṣí isinku.iso, ẹ kó àwọn VOB inú VIDEO_TS sí orí kọ̀ǹpútà, kí ẹ so wọ́n pọ̀, kí ẹ sì sọ wọ́n di ohun tí tẹlifóònù lè ṣí:

cat VTS_01_[1-9].VOB > isinku.vob
ffmpeg -i isinku.vob -c:v libx264 -crf 20 -c:a aac isinku.mp4

Ará Faransé kan, Fabrice Bellard, ló bẹ̀rẹ̀ ffmpeg ní 2000. Ẹ má pa .iso rẹ́ o: .mp4 wà fún wíwò, ṣùgbọ́n .iso ni àwo gan-an. Ní ti VCD, ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ ọ́ yàtọ̀. Vcdxrip ni irinṣẹ́ tirẹ̀.

DVD onípele kan kò ju 4.7 GB lọ, nítorí náà klé USB 64 GB yóò gba ju mẹ́wàá lọ. Ẹ ṣe méjì, kí ọ̀kan wà nílé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín. Àwo tiwa ni mò ń sọ o. Fíìmù ọjà jẹ́ oúnjẹ ẹni tí ó ṣe é, ẹ má dà á kọ tà.

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ òní, ẹ ṣí àpótí náà. Ó dìgbà kan ná.