Òkúta inú kíndìnrín: bí àwòrán bá ti sọ tirẹ̀, kí aláìsàn sọ tirẹ̀

Ènìyàn méjì lè ní òkúta inú kíndìnrín tí ó tóbi bákan náà. Ọ̀kan ń lọ sí oko, ó ń lọ sí ọjà, kò sì mọ̀ pé nǹkan kan wà nínú òun. Èkejì kò rí oorun sùn, ó ti pa iṣẹ́ tì, ẹ̀rù sì ń bà á láti wọ ọkọ̀ lọ sí ìrìn àjò. Nínú àwòrán tí ẹ̀rọ yà, ọgbọọgba ni àwọn méjèèjì. Nínú ìgbé ayé, wọn kò dọ́gba rárá. Báwo ni dókítà yóò ṣe mọ ìyàtọ̀ náà?

Iyọ̀ inú ìtọ̀ ni ó ń di òkúta yìí. Nígbà tí omi bá kéré nínú ìtọ̀, irú àwọn iyọ̀ kan a máa ṣù pọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọn a sì le. Bí òkúta náà bá dúró sí ojú kan, ó lè má dun ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sí ọ̀nà tóóró tí ìtọ̀ ń gbà lọ sí àpò rẹ̀, tí ó sì dí i, ìrora líle a bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn, a sì sọ̀kalẹ̀ wá sí abẹ́ ikùn. Òkúta kékeré sábà máa ń bá ìtọ̀ jáde fúnra rẹ̀. Èyí tí ó tóbi ń fẹ́ iṣẹ́ dókítà. Ọ̀rọ̀ náà kì í sì í tán síbẹ̀. Nínú àwọn tí ó ti ní i rí, nǹkan bí ìdajì ni ó tún máa ń ní in láàrin ọdún 10. Nítorí náà, ìbẹ̀rù a máa bá aláìsàn gbé, àní ní ọjọ́ tí ìrora kò sí.

Fún ìgbà pípẹ́, ìbéèrè kan ni a fi ń wọn iṣẹ́ dókítà: ṣé òkúta ti kúrò? Bẹ́ẹ̀, ìwé ìdásílẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ọdún 1948, sọ pé ìlera kì í ṣe àìsí àrùn nìkan. Ara, ọkàn àti ìbágbé pẹ̀lú ènìyàn ni ó gbọ́dọ̀ dára.

Àwọn onímọ̀ wá gbé ìwé ìbéèrè kalẹ̀. Ọ̀kan tí ó gbajúmọ̀ ni SF-36, tí ó ní ìbéèrè 36 lórí agbára, ìrora, ọkàn àti iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ní ọdún 2007, Kristina Penniston àti Stephen Nakada ti Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ wádìí àwọn tí ó ní òkúta kíndìnrín. Wọ́n rí i pé ìgbé ayé àwọn obìnrin nira ju ti àwọn ọkùnrin lọ. Kò sí àwòrán tí ó lè fi èyí hàn.

Ṣùgbọ́n gbogbo àrùn ni SF-36 wà fún. Kò béèrè bóyá ẹ̀rù ń ba aláìsàn pé òkúta yóò padà. Ní ọdún 2013, àwọn méjèèjì gbé ìwé ìbéèrè tiwọn jáde fún àrùn yìí. WISQOL ni orúkọ rẹ̀. Ìbéèrè 28 ni ó ní, lórí oorun, àárẹ̀, ìtọ̀, iṣẹ́, ẹbí àti àníyàn. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ń gba máàkì láti 1 dé 5. Àpapọ̀ wọn kì í dín ní 28, kì í sì í ju 140 lọ. Bí ó bá ti pọ̀ tó ni ayé rọrùn tó.

Èrè rẹ̀ ni pé a lè béèrè ohun kan náà ṣáájú ìtọ́jú àti lẹ́yìn rẹ̀. Bí òkúta bá kúrò, tí iye náà kò sì gòkè, ohun kan ṣì kù. Ó lè jẹ́ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí dókítà fi sí ọ̀nà ìtọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni ó ń dà á láàmú.

Síbẹ̀, ìbéèrè kò lè gba ipò ẹ̀rọ. Òkúta ńlá lè máa ba kíndìnrín jẹ́ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí aláìsàn má sì ní ẹjọ́ kankan láti rò. Ìwọ̀n méjèèjì ni a nílò.

Èdè náà sì ṣe pàtàkì. Bí àwọn ará ilé bá ní àárẹ̀ mú bàbá, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ oko ni ó rẹ̀ ẹ́. Ó sì lè jẹ́ pé ó ń ṣàìsàn. Bí atúmọ̀ èdè kò bá kíyè sí èyí, ìdáhùn kan yóò di ìtumọ̀ méjì, iye tí a kọ sílẹ̀ yóò sì ṣi dókítà lọ́nà. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn aláìsàn, láti gbọ́ bí ó ṣe yé wọn, kí a tó lò ó.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó ń dun ni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ẹni tí ó bá ń lọ rí dókítà lè ka iye òru tí kò sùn àti iye ọjọ́ tí kò lè ṣiṣẹ́, kí ó sì kọ wọ́n sínú ìwé. Iye náà ṣe pàtàkì bí ìwọ̀n òkúta ṣe ṣe pàtàkì.