Káńsù ń bá Láfẹ́nwá sọ̀rọ̀, èdè ta ló ń sọ?

Ẹ dé odò ẹran Láfẹ́nwá láàárọ̀ kùtù, kẹ́ ẹ gbọ́ bí àwọn alápatà ṣe ń dúnàádúrà. Látorí iye ẹran dórí èébú, Yorùbá ni, ẹnu Ẹ̀gbá sì pọ̀ níbẹ̀: "yèsí" dípò "ta ni", "án" dípò "wọ́n". Ṣùgbọ́n ìwé káńsù lórí owó tí wọ́n máa san, òyìnbó ló sábà máa ń jẹ́. Ìyá tó ń ta ṣàkì á wá ọmọ iléèwé tó máa bá a kà á.

Mo kàwé òfin, ẹ jẹ́ kí n tú u díẹ̀. Àfikún kẹrin ìwé òfin 1999 ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: ọjà, odò ẹran, gáréèjì, orúkọ àdúgbò, ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun àti òkú. Ohun tó kan ará Láfẹ́nwá lójoojúmọ́ nìyẹn. Abala 55 fàyè gba Yorùbá, Haúsá àti Ígbò nílé aṣòfin àpapọ̀ bí ètò bá ti wà nílẹ̀. Abala 97 ní ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lè fi èdè ibẹ̀ kún òyìnbó, bí wọ́n bá ti fẹnu kò. Fún káńsù tó sún mọ́ wa jù, ìwé òfin ò dárúkọ èdè kankan. Ta ló wá ní ká má sọ tiwa?

Ìlú kékeré kan wà ní gúúsù Ítálì, Guardia Piemontese lorúkọ ẹ̀. Èèyàn ibẹ̀ ò tó 2,000. Àwọn baba ńlá wọn gbé èdè Occitan wá láti àríwá, bí Ẹ̀gbá ṣe gbé tiwọn dé abẹ́ Olúmọ ní 1830. Ní 1561, wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú wọn nítorí ẹ̀sìn. Èdè ọ̀hún ò parun. Ọdún 1999 yẹn náà ni Ítálì ṣe òfin 482 tó dáàbò bo èdè 12, Occitan sì wà nínú wọn. Bí ìdá 15 nínú 100 àwọn ará ìlú, tàbí ìdá kan nínú mẹ́ta káńsẹ́lọ̀ wọn, bá béèrè ààbò yìí tí wọ́n sì rí i gbà, káńsẹ́lọ̀ lè fi èdè ilé ẹ̀ sọ̀rọ̀ níjókòó, wọ́n sì lè kọ orúkọ ìlú lédè méjèèjì.

Òfin yẹn lábùkù o. Èdè Sicily àti Naples, tí ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ń sọ, ò sí nínú 12 yẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín: àwa náà ń fi ẹni tó bá sọ "yèsí" ní kíláàsì ṣe yẹ̀yẹ́. Ègùn tí wọ́n ń sọ ní Ìpókíá, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, kì í ṣe ẹ̀ka Yorùbá rárá, èdè tó dá dúró ni. Bá a bá ń bínú sí òyìnbó, ká má lọ sọ Yorùbá di òyìnbó fún wọn.

Àwọn kan á ní Yorùbá ò lè gbé ọ̀rọ̀ ìjọba. Irọ́ ni, jàre. Henry Townsend ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn ní Yorùbá l'Ábẹ́òkúta láti 1859, ọdún méjì kí Ítálì tó di ìjọba kan ní 1861.

Kò gba àtúnṣe ìwé òfin kankan. Káńsẹ́lọ̀ kan ní Àríwá Abẹ́òkúta lè gbé àbá síwájú káńsù pé kí ìkéde owó ọjà àti ti odò ẹran máa jáde ní Yorùbá pẹ̀lú òyìnbó, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọjà. Kí Ìpókíá fi Ègùn kún tiwọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dìbò ní Láfẹ́nwá, ṣé ẹ ní nọ́ńbà káńsẹ́lọ̀ yín? Ẹ pè é lọ́sẹ̀ yìí.