Ẹni Tó Jìn sí Kòtò

Bí ọtí bá ti ba ayé ẹnì kan jẹ́, àwọn àgbà a máa nawọ́ sí i, wọ́n á ní, "Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n." Ibẹ̀ ni a sábà máa ń bá òwe náà dé. Ẹni tó ṣubú di ẹni àfihàn, àwa tí a dúró létí kòtò á sì máa bá tiwa lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fara balẹ̀ wò ó, ẹni tó wà nínú kòtò gan-an ni òwe yìí fi ṣe olùkọ́. Olùkọ́ tí a kò jẹ́ kó lanu, ẹ̀kọ́ wo ni yóò kọ́ wa?

Ní Dassa-Zoumè ní orílẹ̀-èdè Benin, láàárín àwọn òkè mọ́kànlélógójì tí àwọn Ìdáàṣà fi ń yangàn, ṣàṣà ni ayẹyẹ tí ọtí sódábì kì í dé. Ìtàn sọ pé Bonou Kiti Sodabi ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń sè ọtí bọ̀ láti ilẹ̀ Faransé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, tó sì fi ẹmu ọ̀pẹ ṣe é. Ìjọba amúnisìn fòfin dè é, àmọ́ òfin ò ká a. A fi ń ta sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá, a fi ń kí àna, a fi ń sìnkú. Ẹni tó bá ní òun ò mu mọ́, lójú àwọn kan, ó ti kọ ẹbí nìyẹn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń dá ìjà náà jà. Ẹ wo irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ní kùtùkùtù: ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé ọwọ́ méjèèjì ló fi ń di ife mú. Lẹ́yìn ife àkọ́kọ́, ọwọ́ á rọlẹ̀. Àwọn tó jókòó tì í á rò pé ọtí ló wò ó sàn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1935, ní ìlú Akron ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bill Wilson, tó ti fi ọtí sílẹ̀ láti bí oṣù márùn-ún, rí i pé ọkàn òun tún ti ń fà sí i. Ọ̀mùtí mìíràn tí òun lè bá sọ̀rọ̀ ló ń wá kiri. Wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ Bob Smith, dókítà oníṣẹ́ abẹ tí ọtí ti ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Smith ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni òun máa lò. Wọ́n jókòó ju wákàtí mẹ́fà lọ. Wilson ò wàásù fún un. Kòtò tirẹ̀ ló ń ròyìn. Ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n ń kà sí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous. Ohun tó wú mi lórí jù ni pé orí ara rẹ̀ ni Wilson ń gbà là nígbà tó ń sọ̀rọ̀. Bí ẹni tó ṣubú ṣe ń kọ́ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ò ṣe padà sínú kòtò.

Irú èyí kò ṣàjèjì sí ilé wa. Òrìṣà ni Ọbàtálá, síbẹ̀ a ò fi bò pé ó mu ẹmu, ó yó, iṣẹ́ tí Olódùmarè rán an sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn olórìṣà rẹ̀ ń sọ ọ́ títí dòní, wọ́n sì jọ ń pa èèwọ̀ ẹmu mọ́ ni. Wọn ò dá a dì lé ẹnì kan lórí. A lè ròyìn ìṣubú òrìṣà láìtijú, ká wá máa fi ti àbúrò wa pamọ́!

Ìpàdé irú ẹgbẹ́ tí Wilson àti Smith dá sílẹ̀ kò lárìíwo. Orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń pè. Wọn kì í gbowó ìforúkọsílẹ̀. Kó ṣáà ti wù ọ́ láti jáwọ́. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á dákẹ́, wọn ò ní bá a wí. Òní nìkan ni wọ́n ń ṣèlérí rẹ̀. Ẹni tó tún mu lánàá, wọ́n á ní kó jókòó, kó sọ ibi tó ti yẹ̀. Ohun tí a bá sọ níbẹ̀, ibẹ̀ ló ń gbé, èyí sì ṣòro díẹ̀ ní ìlú tí gbogbo èèyàn ti mọ agboolé tí a ti bí ọ.

Ogunlọ́gọ̀ Kátólíìkì ló ń wá sí ibi mímọ́ Màríà ní Arigbo, ní Dassa-Zoumè, lóṣù kẹjọ. Ẹni tó gbé ẹ̀bẹ̀ nítorí ọmọ tó ń mutí lọ síbẹ̀ kò ṣàṣìṣe, àmọ́ kó tún bi nọ́ọ̀sì, àlùfáà tàbí ìmáàmù tó lè pa àṣírí mọ́ bóyá ìpàdé wà nítòsí. Ẹni tó gbọ́ Faransé lè wọ ìpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n ṣí ní 1954, ń tọ́jú àwọn tí ọtí ti di bárakú fún. Níbẹ̀ ni Dókítà Adéoyè Lambo ti fi aláìsàn sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, pẹ̀lú ẹbí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sì sí ìpàdé kankan, èèyàn méjì ti tó. Wilson àti Smith ò ju méjì lọ. Bẹ́ǹṣì kan, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, wákàtí kan.

Ìkìlọ̀ kan wà tí n kò gbọdọ̀ fi sílẹ̀. Ẹni tó ti ń mu ọtí líle lójoojúmọ́ láti ọdún pípẹ́ kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìrí dókítà. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, gìrì lè mú un, ó lè máa rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò rí, ó sì lè kú. Àwọn ará ilé á ní ayé ló ń ṣe é. Ẹni tí irú gìrì bẹ́ẹ̀ ti mú rí ló máa ní kí wọ́n yára wá ọkọ̀, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn.