Ẹ Gba Aláàbọ̀ Ara Síṣẹ́ Wíwọn Ọ̀nà Igbó

Kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ni mo ń lò, Amẹ́ríkà ni mo sì ń gbé. Láti 2013, òfin ìjọba àpapọ̀ níbí ní kí ọ̀nà ẹsẹ̀ tuntun nínú igbó ìjọba àpapọ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 36, àfi níbi tí ilẹ̀ kò bá gbà.

Àwọn ọ̀nà àtijọ́ ńkọ́? Nígbà tí èmi àti àwọn mìíràn ń wọn ọ̀kan nínú wọn, ẹnìkan tó ń fẹsẹ̀ rìn gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí gbòǹgbò igi, kò tiẹ̀ kíyè sí i. Ibẹ̀ gan-an ni táyà iwájú mi há sí.

Kí ìjọba gba àwa aláàbọ̀ ara síṣẹ́ wíwọn ọ̀nà yìí, kí wọ́n sanwó oṣù fún wa. Tí a bá sì wọn ọ̀nà tán, àwòrán kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lára pátákó ẹnu ọ̀nà kò tó; kí wọ́n kọ gígùn ọ̀nà, fífẹ̀ rẹ̀ àti ibi tó ti gun òkè síbẹ̀.