Wíwọlé Kọ́ Ni Ìbámu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọdẹ Ẹ̀gùá àti ti gbogbo ilẹ̀ Yewa tí ń lo ìbọn oníkátíríìjì.

Bí ìbọn bá bẹ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́, a óò ní ayé ni, tàbí pé inú ń bí Ògún. N kò bá ẹnikẹ́ni du ìgbàgbọ́ rẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí a tó wá ọ̀tá lọ síta, kí a kọ́kọ́ wo kátíríìjì àti ilé tí ó wọ̀ nínú ìbọn.

Ẹni tí ń lo ṣakabùlà ni ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọn ẹ̀tù. Ní ti kátíríìjì, ilé iṣẹ́ ti wọ̀n ọ́n tán; ti ọdẹ ni kí ó mọ èyí tí ó bá ìbọn rẹ̀ mu. Gígùn tí a kọ sára kátíríìjì ni gígùn rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ró, tí ẹnu rẹ̀ tí a ṣẹ́ pọ̀ ti là. Nítorí náà ni ti ínṣì 3 fi lè wọ ìbọn tí a ṣe fún ínṣì 2¾ láìjanpata. Ṣùgbọ́n bí ó bá ró, ẹnu rẹ̀ kò ní ríbi là sí; ọ̀nà yóò há mọ́ ọta, agbára ẹ̀tù yóò sì ga kọjá bí ó ti yẹ. Àwa tí a wà ní ẹnubodè tún ní ìṣòro kan: Faransé a máa fi mílímítà wọn tiwọn, ìbọn Gẹ̀ẹ́sì a sì máa jẹ́ ínṣì. Ẹ jẹ́ kí a há a sórí: 65 ni 2½, 70 ni 2¾, 76 ni 3.

Nọ́ńbà pẹ̀lú ń tanni jẹ. Nọ́ńbà 20 kéré sí nọ́ńbà 12. Bí ó bá bọ́ sínú ìbọn 12, yóò há sínú ọ̀pá; bí a bá ki òmíràn tẹ̀ lé e tí a sì yìn ín, ọ̀pá lè fọ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń ṣe nọ́ńbà 20 ní àwọ̀ ìyeyè.

Ẹ má gbàgbé ìdí ìbọn. Bí irin ibẹ̀ bá ti jẹ, tí àlàfo wà lẹ́yìn kátíríìjì, ìbọn lè kọ̀ kò ró nígbà tí ẹran dúró. Ìdí kátíríìjì sì lè ya, kí iná fọ́n sí ọdẹ lójú.

Láti 1813 ni ilé ìdánwò ìbọn ti wà ní Birmingham, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀tù tí ó ju ti ojoojúmọ́ lọ dán ọ̀pá wò kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ sí i. Páìpù omi tí a sọ di ọ̀pá ìbọn kò rí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ wa nìyí. Ẹ jẹ́ kí a kọ ìtumọ̀ àwọn òǹtẹ̀ wọ̀nyí ní Yorùbá, kí a sì kà á ní ìpàdé àwọn ọdẹ. Ojú tí a fi ń wá ẹran, ẹ má jẹ́ kí a fi ṣòfò.