Kí Ọmọ Ajá Tó Wọlé, Kí Ilé Rẹ̀ Ti Wà Nílẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Eku kì í dúró kí òjò dé kí ó tó wá ibi tí yóò sùn. Ìtẹ́ ni ó kọ́kọ́ ń pèsè. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní ìdálẹ̀, láti Sabon Gari ní Kano títí dé Port Harcourt, kì í fi ọgbọ́n eku yìí ra ajá. Ajá ni wọ́n ń kọ́kọ́ rà. Ìgbà tí ó bá wọlé tán tí ó ń ké ni wọ́n ń ṣẹ̀ṣẹ̀ bi ara wọn léèrè ibi tí yóò sùn.

Ohun tí ó ń mú wọn ra ajá kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tí ó wà nílùú onílùú kò ní ẹbí púpọ̀ ní àyíká tí yóò bá a ṣọ́ ilé. Ọkọ lọ sí ibi iṣẹ́, ìyàwó lọ sí ọjà, àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé, ilé sì ṣófo láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tí yóò bá wọn wí bí wọ́n bá fẹ́ ohùn ajá tí yóò lé olè sá. Láti ìgbà láéláé ni àwọn ọdẹ ilẹ̀ Yorùbá ti ń bá ajá rìn nínú igbó, àwọn baba ńlá sì ka ajá sí ará ilé débi pé orúkọ tí wọ́n bá sọ ajá ni wọ́n fi ń pa òwe fún aládùúgbò. Kì í ṣe níní ajá ni àléébù, bí kò ṣe ọ̀nà tí à ń gbà mú un wọlé.

Bí ọ̀rọ̀ náà ti sábà máa ń lọ nìyí. Baba rí ọmọ ajá mẹ́ta nínú agbọ̀n lẹ́bàá títì, oòrùn ń pa wọ́n. Ẹni tí ó ń tà wọ́n fi dá a lójú pé wọ́n ti pé oṣù 2, pé wọ́n sì ti gba abẹ́rẹ́. Kò sí ìwé kankan tí ó fi hàn. Baba san owó, ó sì gbé ọ̀kan wálé nínú páálí. Lóru, ọmọ ajá tí ó ti ń sùn mọ́ ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àwọn ayálégbé inú ọgbà kan náà kò rí oorun sùn. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, ó ti tọ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ti jẹ bàtà ilé-ìwé ọmọ, wọ́n ti nà án, wọ́n sì ti so ó mọ́ ìdí máńgòrò. Ibẹ̀ ni yóò wà fún odindi ọdún kan. Lọ́jọ́ tí okùn bá já, ọmọ aládùúgbò ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé.

Nígbà náà ni wọn yóò sọ pé ajá náà burú. Ajá kò burú. Láti bí ọ̀sẹ̀ 3 títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 lẹ́yìn ìbí rẹ̀ ni ọmọ ajá fi ń mọ ayé. Ìgbà náà ni ó ń kọ́ ẹni tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́, ariwo tí kò yẹ kí ó bẹ̀rù, àti bí a ti ń ṣe láàrin ọmọdé. Èyí tí ó bá lo àsìkò yìí lórí okùn, ìbẹ̀rù ni yóò kọ́, ìbẹ̀rù ni ó sì sábà máa ń mú kí ajá gé ènìyàn jẹ. Àwọn kan gbàgbọ́ pé ata àti ìyà ni ó ń mú ajá dára fún ìṣọ́. Irọ́ gbáà ni. Ajá tí ó mọ ará ilé rẹ̀, tí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀, ni ó ń mọ àlejò yàtọ̀.

Ohun tí ó yẹ kí ó ti wà nílẹ̀ kí baba tó jáde lọ ra ajá ni ilé kékeré kan fún un, èyí tí àwọn tí ń sin ajá ń pè ní kéèjì. Kò dìgbà tí a bá ra ti òkè òkun. Káfíńtà lè fi pákó àti wáyà onihò kàn án. Wẹ́dà lè fi irin jó o. Kí ó ga tó kí ajá lè dúró nínú rẹ̀ láìtẹrí ba, kí ó fẹ̀ tó kí ó lè yí padà, kí ó sì gùn tó kí ó lè na ẹsẹ̀ sùn. Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ajá kì í fẹ́ ba ibi tí ó ń sùn jẹ́, ṣùgbọ́n bí ilé náà bá tóbi jù, yóò fi igun kan ṣe yàrá, yóò fi èkejì ṣe ṣáláńgá. Ẹni tí kò bá fẹ́ náwó lẹ́ẹ̀mejì lè kan èyí tí yóò gba ajá náà nígbà tí ó bá dàgbà, kí ó sì fi pákó dí apá kan rẹ̀ títí di ìgbà náà. Kò gbọdọ̀ sí ìṣó tí ó yọ orí. Ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni kí a gbé e sí, kì í ṣe inú oòrùn tàbí abẹ́ páànù gbígbóná, nítorí ajá kì í làágùn bí ènìyàn; mímí hẹlẹhẹlẹ ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára, ooru Sokoto tàbí Maiduguri sì lè tètè pa á. Kí ọmọ ajá tó wọlé, kí a ti kó wáyà iná kúrò nílẹ̀, kí a sì ti gbé ọ̀tápíápíá, bàtà àti àpò ìwé àwọn ọmọ sí òkè.

Ẹlòmíràn yóò béèrè pé, kí ni ìyàtọ̀ láàrin kéèjì àti ẹ̀wọ̀n? Ìbéèrè náà tọ́, ìdáhùn rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ajá. Gbogbo ẹni tí ó bá ti sin ajá rí ni ó mọ̀ pé fúnra rẹ̀ ni ajá ń wọ abẹ́ tábìlì tàbí ẹ̀yìn dùrọ́ọ̀mù omi nígbà tí ó bá fẹ́ sinmi. Ibi kékeré tí ó bò ó lára ni ó ń fi í lọ́kàn balẹ̀. Bí a bá fi sùúrù kọ́ ọ, kéèjì yóò di yàrá rẹ̀. Bí a bá fi ìbínú jù ú sínú rẹ̀, tàbí tí a bá fi í síbẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, ẹ̀wọ̀n ni lóòótọ́, okùn ìdí máńgòrò kò sì burú jù ú lọ.

Ẹ̀kọ́ náà kò ní idán nínú. Ní ọjọ́ kìíní, ilẹ̀kùn kéèjì yóò wà ní ṣíṣí, àkísà mímọ́ yóò sì wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọn yóò máa gbé oúnjẹ sí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tì í wọlé. Oúnjẹ ni yóò pè é. Nígbà tí ó bá ti ń wọlé fúnra rẹ̀, kí wọ́n pa ilẹ̀kùn dé fún ìṣẹ́jú 1 tàbí 2 bí ó ti ń jẹun lọ́wọ́, kí wọ́n sì ṣí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Lẹ́yìn èyí, kí ó di ìṣẹ́jú 5, kí ó di 10, títí yóò fi di wákàtí kan. Kí wọ́n máa tú okùn ọrùn rẹ̀ kí ó tó wọlé, kí ó má baà há mọ́ wáyà kí ó sì fún un lọ́rùn. Lóru, kí kéèjì wà nítòsí ibi tí ènìyàn ń sùn sí. Bí ó bá ké ní ọ̀gànjọ́, ó lè jẹ́ pé ìtọ̀ ni ó ń gbọ̀n ọ́n. Kí wọ́n gbé e jáde jẹ́ẹ́ láìbá a ṣeré, kí wọ́n sì dá a padà.

Ìtọ̀ yìí ni ó ń fa ìjà jù. Òṣùwọ̀n kan wà tí àwọn tí ń kọ́ ajá ń lò: iye oṣù tí ọmọ ajá ti lò láyé, kí a fi 1 kún un, ni iye wákàtí tí ó lè mú ìtọ̀ mọ́ra. Ajá oṣù 2 kò lè ju wákàtí 3 lọ. Bí ó bá jí, bí ó bá jẹun tán, bí ó bá ṣeré tán, ìta ni kí wọ́n gbé e lọ, sí ojú kan náà nígbà gbogbo, kí wọ́n sì yìn ín lójú ẹsẹ̀ bí ó bá ti ṣe é. Nínà án tàbí fífi imú rẹ̀ nu ìtọ̀ kò kọ́ ọ ní nǹkan kan, àfi kí ó máa sá pamọ́ tọ̀. Nítorí náà, ìdílé tí gbogbo wọn ń jáde láti aago 7 àárọ̀ di aago 5 ìrọ̀lẹ́ kò tíì lè ra ọmọ ajá, àfi bí ẹnì kan bá wà tí yóò máa wá ṣílẹ̀kùn fún un lọ́sàn-án. Kí wọ́n dúró di ìgbà ìsinmi ilé-ìwé.

Ọ̀rọ̀ ikú wà nínú ọ̀ràn yìí pẹ̀lú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, pé láti ara ajá ni ó ti ń ran nǹkan bí 99 nínú 100 wọn, àti pé nǹkan bí 40 nínú 100 ni ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15. Bí àmì àrùn náà bá ti fi ara hàn lára ènìyàn, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń yọrí sí nígbà gbogbo. Síbẹ̀ abẹ́rẹ́ tí ó ń dènà rẹ̀ ti wà láti ìgbà tí Louis Pasteur ti kọ́kọ́ lò ó fún ọmọdé kan ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1885. Ní Nàìjíríà, ilé ìwádìí ìjọba nípa àrùn ẹranko tí ó wà ní Vom lẹ́bàá Jos, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, ń ṣe abẹ́rẹ́ náà fún ajá. Kí ọmọ ajá má ṣe kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kí ó tó pé ọ̀sẹ̀ 8. Kí dókítà ẹranko fún un ní oògùn aràn àti abẹ́rẹ́ parvo, àrùn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ tí ó ń pa ọmọ ajá, kí ó sì máa tún un ṣe títí yóò fi pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16. Bí ó bá ti pé oṣù 3, kí ó gba ti dìgbòlugi, kí ó sì gba ìwé rẹ̀. Ẹni tí ajá bá gé jẹ, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kí wọ́n má ṣe fi epo tàbí ewé lé e, kí wọ́n má sì dúró wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀.

Ẹni tí ó wà nílùú onílùú tún ní láti ro ti aládùúgbò. Ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ni kò fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí wọn yóò fi kírun. Ní àwọn apá ibì kan ní Plateau àti Cross River, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Oǹdó pàápàá, àwọn ènìyàn ń jẹ ẹran ajá, èyí tí ó bá sì ń rìn kiri lè má padà wálé. Ajá tí ó mọ kéèjì rẹ̀ yóò wọ inú rẹ̀ nígbà tí àlejò bá dé. Kò ní fò mọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì ní sọnù. Nígbà tí ó bá di Kérésìmesì tàbí Iléyá tí gbogbo ilé ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé, a lè gbé e sínú mọ́tò pẹ̀lú kéèjì rẹ̀, tàbí kí a gbé òun àti kéèjì náà fún ọ̀rẹ́ tí yóò tọ́jú rẹ̀. Èyí sàn ju kí a so ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú abọ́ omi kan fún ọ̀sẹ̀ 2.

Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí wọ́n ń pàdé lóṣooṣù ní ìdálẹ̀ ní iṣẹ́ láti ṣe lórí èyí. Wọ́n lè pe dókítà ẹranko wá sí ìpàdé kan, kí àwọn tí wọ́n ní ajá sì kó wọn wá gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án ni gbogbo ayé fi ń sọ̀rọ̀ nípa dìgbòlugi lọ́dọọdún. Kò sí ọjọ́ tí ó tún dára jù ú lọ. Ó sì yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan rí i pé abẹ́rẹ́ náà wà nítòsí, ní iye owó tí apá mẹ̀kúnnù ká. Àwọn onímọ̀ sọ pé bí ajá 70 nínú 100 bá gbà á, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà tàn kálẹ̀ mọ́.

Kékeré ni a ti ń pa ẹkàn ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Pákó díẹ̀, wáyà díẹ̀, abẹ́rẹ́ kan àti sùúrù oṣù mẹ́ta ni iye tí ó ń ná ènìyàn láti ní ajá tí yóò ṣọ́ ilé láìṣe ọmọ aládùúgbò léṣe. Ẹni tí kò bá tíì ní ìwọ̀nyí, kí ó fi ajá sílẹ̀ ná, kí ó ra àgádágodo.