Ìfun Èèrà àti Ẹṣin Berlin

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fara balẹ̀ pa èèrà á rí ìfun inú rẹ̀. Sùúrù ni wọ́n sábà máa ń fi òwe náà kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọwọ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: bí ọwọ́ tó ń pa á bá wúwo jù, ohun tí à ń wá gan-an ló máa fọ́.

Nílùú Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì, olùkọ́ ìṣirò kan tó ti fẹ̀yìn tì, Wilhelm von Osten, ní ẹṣin kan tó ń jẹ́ Hans. Bí wọ́n bá ní kí Hans ro mẹ́ta pọ̀ mọ́ márùn-ún, á fi pátákò lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, á sì dúró. Èrò ń wọ́ lọ wò ó. Von Osten kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ní 1904, ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́tàlá, tí ọ̀jọ̀gbọ́n Carl Stumpf ṣáájú, yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Wọn ò rí màgòmágó kankan. Kí ẹnikẹ́ni má pè wọ́n ní òpè o: olè ni wọ́n ń wá, olè kò sì sí níbẹ̀.

Oskar Pfungst, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Stumpf, ló wá fara balẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń yí padà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó fi ìbòjú dí ẹṣin náà kó má baà rí ẹni tó ń bi í, Hans bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì í. Nígbà tí ẹni tí òun alára kò mọ ìdáhùn bi í, ó ń lu ilẹ̀ ṣáá, kò mọ ibi tí yóò dúró sí. Bí ẹni tó mọ ìdáhùn bá tún padà dé, ọgbọ́n ẹṣin náà á padà dé.

Ìfun èèrà hàn, àmọ́ inú ẹṣin kọ́ ló wà. Bí Hans bá ti lu ilẹ̀ dé iye tó tọ́, orí ẹni tó bi í léèrè á sún sókè díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀. Ẹṣin á rí i, á dúró.

Pfungst kò fi mọ síbẹ̀. Ó sọ ara rẹ̀ di ẹṣin! Ó ní kí àwọn ènìyàn mú nọ́ńbà kan sọ́kàn, òun sì ń fi ọwọ́ ṣe bí Hans ti ń fi pátákò ṣe, ó ń ṣọ́ wọn. Nínú ẹni 25, àwọn méjì péré ni ara wọn kò tú àṣírí.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí ẹṣin. Ní 1963, ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí méjì, Robert Rosenthal àti Kermit Fode, pín eku 60 fún akẹ́kọ̀ọ́ 12 kí wọ́n kọ́ àwọn eku náà láti mọ ọ̀nà. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé eku tiwọn gbọ́n, fún àwọn yòókù pé tiwọn gọ̀. Irú kan náà ni gbogbo eku náà, síbẹ̀ àwọn tí wọ́n pè ní ọlọ́gbọ́n ló tètè mọ ọ̀nà nínú èsì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ sílẹ̀. Irú èyí ló fà á tí wọ́n fi sábà máa ń ṣètò ìdánwò oògùn tuntun lónìí kí aláìsàn má mọ̀ bóyá ojúlówó oògùn lòun ń lò, kí dókítà tó ń fún un náà má sì mọ̀. Ọwọ́ ẹlòmíì ni ìwé tó sọ ẹni tó ń lo èwo wà.